Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gbọ́ Àṣìṣe Inú Ìwé?

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń yọ mí lẹ́nu, mi ò sì rí ẹni tí màá bá sọ ọ́ tí kò ní máa wò mí bí ẹni tí kọ̀ǹpútà ti dà lórí rú. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ ìwé di ìwé orí ẹ̀rọ, EPUB ni pàtàkì jù, fáwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló mọ EPUBCheck, tó máa ń sọ bóyá fáìlì tẹ̀lé òfin EPUB tàbí kò tẹ̀lé e. Wọ́n sì mọ Ace, tí DAISY, ẹgbẹ́ tó ń jà kí ìwé ṣeé kà fáwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀, ṣe, tó máa ń sọ ibi tí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran ti máa kọsẹ̀ nínú ìwé náà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu rèé: Ace ní áàpù tó dùn ún wò. Wàá fa ìwé sínú rẹ̀, wàá dúró díẹ̀, èsì á yọ pẹ̀lú oríṣiríṣi àwọ̀, á sì pín àṣìṣe sí èyí tó burú jáì, èyí tó le, èyí tó mọ níwọ̀n àti èyí tí kò tó nǹkan. Síbẹ̀, tí o bá wo báwọn àjọ tó ń ṣe ìwé fáwọn afọ́jú ṣe ṣètò iṣẹ́ wọn, pàápàá àwọn tó wà ní àríwá Yúróòpù, kì í ṣe áàpù yẹn ni wọ́n gbójú lé. Èyí tí kò lójú rárá, ìyẹn tí kò ní fèrèsé tàbí bọ́tìnì kankan, ni wọ́n fẹ́, èyí tí kọ̀ǹpútà kan máa ń pàṣẹ fún láàárín òru, tí èèyàn kankan ò ní fọwọ́ kàn. Kí ló dé tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nítorí òǹkàwé á fi wá irinṣẹ́ tí èèyàn ò sí nídìí ẹ̀?

## Ìrọ̀lẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n jókòó tì mí

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo máa ń bẹ̀ kó bá mi wo ìwé kó tó jáde. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, afọ́jú sì ni láti kékeré. NVDA ló fi ń lo kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, táwọn ọkùnrin afọ́jú méjì bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2006. Ohùn tí Ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ lórí ẹ̀ ń sáré débi pé ká sọ pé wọ́n pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ẹyọ kan ni etí tèmi á mú.

Ìwé àlọ́ fáwọn ọmọdé ló wà níwájú wa lọ́jọ́ náà. Ilé ìtẹ̀wé kan ló fi ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn ti parí ẹ̀, kí n kàn bá àwọn wò ó fìrí. Mo ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣí áàpù náà."

"Áàpù kẹ̀? Jọ̀ọ́, fi mí síbi tí mo wà."

Ó tẹ bọ́tìnì Windows, ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta, ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí bá ṣí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ace -o esi alo.epub. Ó tẹ Enter, ó fẹ̀yìn ti àga. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì bó ṣe ń jáde: orúkọ fáìlì orí kìíní, "No issues found", orúkọ fáìlì orí kejì, "No issues found", bẹ́ẹ̀ títí dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Èmi ṣì ń wá ibi tí mo fi ọfà máòsì sí nígbà tó ní:

"Ó ti parí. Wá sọ fún mi, àwọ̀ wo ni áàpù tìẹ fẹ́ fi hàn mí tí mi ò tíì gbọ́?"

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ìlà lé ìlà ni ojú dúdú yẹn ń sọ̀rọ̀. Kò sí bọ́tìnì tí ó fara pamọ́ sí igun kan, kò sí àwòrán kékeré tí kò lórúkọ, kò sí pé ibo ni mo wà báyìí. Ẹni tó bá ń fi etí lo kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ lara tù ú jù. Àwọn àjọ tí mò ń sọ yìí sì láwọn òṣìṣẹ́ tí ojú wọn kò ríran, àwọn kan lára wọn ló tiẹ̀ ń kọ ètò náà fúnra wọn. Irinṣẹ́ tí mò ń pè ní aláìlójú, lójú tèmi nìkan ni kò ti lójú.

Ká ní ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí ni, mi ò bá má jókòó kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n tún fi EPUBCheck wò ó. Ìlà tí gbogbo àwa oníṣẹ́ yìí ń gbàdúrà fún ló jáde: "No errors or warnings detected." Ó wá ṣí ìwé náà nínú Thorium, áàpù tí wọ́n fi ń ka EPUB, kó lè kà á. Ó tẹ H, ó fò sórí àkọlé; ó tún tẹ H, ó fò sórí òmíràn. Gbogbo ẹ̀ ń lọ geere. Ó wá ní kí ẹ̀rọ máa ka àlọ́ àkọ́kọ́.

Ohùn òyìnbó ló gbé e. Ìjàpá di nǹkan tí mi ò lè kọ sílẹ̀. "Ààlọ́ o" di bí ẹni ń kí èèyàn lórí fóònù. Gbogbo gbólóhùn ń jáde bí ẹni pé àlejò tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀ ni wọ́n ní kó wá pàlọ́ fọ́mọ wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá ní kí n tú fáìlì náà, kí n wo ibi tí wọ́n kọ èdè ìwé sí. Mo tú u. Ohun tó wà níbẹ̀ ni <dc:language>en</dc:language>. Orí kọ̀ọ̀kan náà ní lang="en" lókè pátápátá. Gẹ̀ẹ́sì ni "en" yẹn. Ẹni tó ṣe ìwé náà ti mú àpótí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣe kọjá, ó kó àlọ́ sínú ẹ̀.

Kò sí irinṣẹ́ tó ṣẹ̀ níbẹ̀. EPUBCheck béèrè bóyá wọ́n kọ èdè ìwé sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́. Ó béèrè bóyá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ bófin mu, ó bófin mu. Ace náà bá orí kọ̀ọ̀kan tó ní lang, ó kọjá. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n béèrè bóyá òótọ́ ni. Ó sì ju ọ̀rọ̀ ohùn lọ o. Bí ohùn Yorùbá bá tiẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ òǹkàwé, "en" yẹn ló máa tì í sẹ́yìn. Tí ẹnì kan bá fẹ́ yọ bíréèlì, ìwé táwọn afọ́jú ń fọwọ́ kà, nínú fáìlì náà, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tó ń ké ọ̀rọ̀ kúrú ló máa bọ́ sí: "in" ní àmì kan ṣoṣo nínú bíréèlì Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà "inú" máa di àmì "in" pẹ̀lú ú nídìí, "en" inú "eniyan" tí wọn ò fi àmì sí náà á di àmì kan. Ọmọ tó ń kọ́ bíréèlì Yorùbá á máa fọwọ́ kan nǹkan tí olùkọ́ ẹ̀ kò kọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n wá sọ ohun tí mi ò tíì gbàgbé:

"Ta ló kọ́kọ́ gbọ́ àṣìṣe yìí? Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mélòó la ti ṣí fáìlì yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é, ẹ̀rọ ní kò sí wàhálà, ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ó parí. Òǹkàwé lẹ sọ di olùyẹ̀wò."

## Fáìlì kan ṣoṣo, ìwé rẹpẹtẹ

Ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ kí n tún padà wo àwọn àjọ Yúróòpù yẹn, tí mo fi rí i pé ọ̀rọ̀ ojú dúdú tàbí ojú àwọ̀ kọ́ ló ká wọn lára. Ta ló máa kọ́kọ́ gbọ́ àṣìṣe, ìgbà wo ló sì máa gbọ́ ọ, ìyẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣètò.

Ẹ wo NLB ti ilẹ̀ Nọ́wè, MTM ti Swídìn, Nota ti Dẹ́ńmáàkì àti Celia ti Fínlándì, tó ti wà láti 1890. Ilé ìkàwé tí ìjọba ń náwó lé ni gbogbo wọn, fáwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀. Wọ́n jókòó pọ̀, wọ́n kọ ìlànà kan náà tí EPUB tí wọ́n bá máa gbà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, wọ́n sì máa ń gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ sísọ ìwé di fáìlì fáwọn ilé-iṣẹ́ tó wà níta. Nígbà tí fáìlì bá dé, inú ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti ń yọ gbogbo nǹkan: bíréèlì, ìwé ohùn tí ẹ̀rọ kà, ìwé ohùn tí èèyàn kà, ìwé orí ẹ̀rọ.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti le. Ká sọ pé ẹni tó ṣe fáìlì fi àkọlé ìsọ̀rí sí ipò àkọlé orí. Nínú ìwé títẹ̀, lẹ́tà á kàn tóbi díẹ̀, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nínú fáìlì yìí, àṣìṣe kan náà á wọ ìwé ohùn, ẹni tó bá ń fò láti orí dé orí á balẹ̀ síbi tí kò yẹ. Á wọ bíréèlì, ìlà á bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Á wọ ìwé orí ẹ̀rọ, àtòjọ inú ìwé á dojú rú. Nọ́ńbà ojú ìwé tí wọ́n gbàgbé ńkọ́? Olùkọ́ á ní kí kíláàsì ṣí ojú ìwé 47, gbogbo wọn á ṣí i, ọmọ kan á ṣì máa wá a. Ìdí nìyẹn tí EPUBCheck nìkan ò fi tó àwọn ará Nọ́wè àti aládùúgbò wọn. Wọ́n ṣe irinṣẹ́ àyẹ̀wò tiwọn lórí DAISY Pipeline, ètò ẹgbẹ́ DAISY tí wọ́n fi ń sọ fáìlì ìwé di oríṣi míì, wọ́n kó àwọn òfin tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí sínú ẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé irinṣẹ́ náà ò fara pamọ́. Gbangba ló wà. Ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ lè gbé irinṣẹ́ tí ẹni tó gbéṣẹ́ fún un fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò, kó fi yẹ ara rẹ̀ wò kó tó fi fáìlì ránṣẹ́. Kò sí "lọ́dọ̀ tèmi ó ń ṣiṣẹ́ o". Òfin kan náà, èsì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Fáìlì tó bá dé ẹnu ọ̀nà, ó ti gbọ́ ìdájọ́ kó tó kúrò nílé. Síbẹ̀ àjọ náà á tún un yẹ̀ wò, torí ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ẹ má sì gbàgbé bí ìwé ṣe ń pọ̀ tó níbẹ̀. Bí Ace ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń ṣí orí kọ̀ọ̀kan nínú Chromium, ètò tí wọ́n fi ń ṣí ìkànnì, tó fara pamọ́, ó ń wò ó bí ìgbà tí òǹkàwé ṣí i. Ìwé ìtàn kékeré á parí kíá. Ìwé ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì tó kún fún àwòrán á pẹ́ lórí ẹ̀, á sì máa jẹ agbára kọ̀ǹpútà. Ta ni ìjọba fẹ́ máa san owó oṣù fún kó máa fa ìwé sínú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa wò ó? Wọ́n fẹ́ kí irinṣẹ́ kọ èsì sínú fáìlì JSON tí ẹ̀rọ tó kàn lè kà: èyí tó mọ́ á kọjá, èyí tí kò mọ́ á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é, pẹ̀lú orúkọ fáìlì àti ibi tí àṣìṣe wà. Àwọn òṣìṣẹ́ á wá ráyè gbájú mọ́ ìwé tó ń fẹ́ làákàyè.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà ò ṣeé fojú fò. Ìgbà kan wà tí àjọ IDPF, tó ń bójú tó EPUB kó tó dara pọ̀ mọ́ W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìkànnì, lọ́dún 2017, ní ojú òpó kan téèyàn lè gbé ìwé kékeré sí kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rọ̀ wá lọ́rùn, àwa tí a kò ní Java, ètò tí EPUBCheck nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, lórí ẹ̀rọ wa. Àmọ́ àjọ tó ń ṣe ìwé fáwọn afọ́jú ò lè máa gbé ìwé olówó sórí sáfà ẹlòmíì. Àyè tí òfin gbà wọ́n láti ṣe ẹ̀dà láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, fáwọn tó tọ́ sí nìkan ni. Fáìlì tó bá yọ́ jáde, àwọn ló máa ro ẹjọ́. Nítorí náà, orí kọ̀ǹpútà tiwọn ni irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbé.

## Àṣìṣe tó gbóná àti èyí tó ti tutù

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àṣìṣe kan tí mo máa ń rí lemọ́lemọ́, kó lè yé yín ìdí tí ìgbà tí èèyàn gbọ́ ọ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. EPUBCheck ń pè é ní PKG-006.

Fáìlì EPUB, àpò zip ni. Fáìlì kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ mimetype, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, òfin sì ni pé òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ àpò, láì fún un pọ̀ rárá. Wàyí o, ẹni tó ń to ìwé rí i pé orúkọ òǹkọ̀wé ní àṣìkọ. Ó tú àpò, ó tún orúkọ ṣe, ó rí i pé ó dáa, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ fódà, ó sọ ọ́ di zip padà, ó yí orúkọ ẹ̀ sí .epub. Ìwé náà ṣí lórí fóònù ẹ̀. Inú ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n mimetype ti bọ́ sáàárín, tàbí ó ti bọ́ sẹ́yìn pátápátá.

Tí EPUBCheck bá sọ PKG-006 fún un nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lórí máòsì, ó mọ ohun tó ṣe tán yìí, á tún un ṣe kíá. Tó bá jẹ́ pé inú lẹ́tà tó dé láti ọ̀dọ̀ àjọ kan ní òpin oṣù ló ti gbọ́ ọ, ó ti ṣe ìwé mẹ́fà míì lẹ́yìn ìyẹn. Á ní ẹ̀rọ wọn ló ń ṣe bákan. Àwọn náà á ní fáìlì ẹ̀ ò dáa. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko: ẹni tó bá rí àṣìṣe gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń sọ pé ó fà á.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ohun táwọn àjọ yẹn ń ṣe gan-an nìyẹn, wọ́n kàn fi kóòdù ṣe é ni. Èmi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí gbogbo ilé ìtẹ̀wé máa lo ojú dúdú o. Ẹni tó ń to ìwé ní Ṣómólú kò nílò kó kọ́ àṣẹ ace -o. Fún un ní áàpù. Sigil tí wọ́n fi ń tún EPUB ṣe tiẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so EPUBCheck mọ́ ọn, kó lè yẹ ìwé wò níbi tó ti ń tún un ṣe. Àjọ ló nílò aláìlójú. Ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ nílò èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Inú kan náà ló wà nínú irinṣẹ́ méjèèjì, ojú ló yàtọ̀.

## Ohun tí ẹ̀rọ ò lè gbọ́

Ìwé àlọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀ o, tí gbogbo irinṣẹ́ ní kò sí wàhálà lára ẹ̀. Ibí yìí ni mo ti ń bá àwọn tó fẹ́ràn irinṣẹ́ àyẹ̀wò jù jà.

Yàtọ̀ sí èdè, ẹ wo àpèjúwe àwòrán, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa kà fẹ́ni tí kò rí àwòrán náà. Ace máa ń pariwo tí àwòrán kò bá ní àpèjúwe. Kọ "àwòrán" síbẹ̀, á dákẹ́. Kọ "ejò" sábẹ́ àwòrán ìjàpá, á dákẹ́. Àmọ́ ó ṣe ohun kan tó dáa: nínú èsì ẹ̀, ó to gbogbo àwòrán inú ìwé sójú kan, pẹ̀lú àpèjúwe kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí èèyàn lè fojú ara ẹ̀ kà á. Àwọn tó ṣe é mọ ibi tí agbára wọn mọ. DAISY tún ṣe SMART, tó ń gba èsì Ace, tó sì ń to ìbéèrè tó kù fún èèyàn láti dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti Yorùbá tún wá lágbára tiẹ̀. Lẹ́tà tí a ń rí bí ẹ̀yọ kan, "ẹ́", kóòdù méjì ló jẹ́ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀: ẹ fúnra ẹ̀, àti àmì òkè tó gùn ún. Ẹlòmíì á kọ ọ́ ní mẹ́ta: e, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Lójú, ọ̀kan náà ni. Tí òǹkàwé bá wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tó ń kọ ọ́ lọ́nà kìíní, tí ìwé sì kọ ọ́ lọ́nà kejì, ẹ̀rọ lè ní kò sí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi fọ́ńtì àdáṣe tẹ̀: ohun tí ojú ń rí ni "ọ̀", ohun tó wà nísàlẹ̀ ni lẹ́tà òyìnbó kan tó wọ aṣọ "ọ̀". Tí fọ́ńtì bá ti sọnù, tàbí tó jẹ́ etí lèèyàn fi ń kà á, aṣọ bọ́. EPUBCheck ò ní sọ̀rọ̀, torí lẹ́tà tó bófin mu ni gbogbo wọn.

Gbogbo èyí, etí èèyàn ló ń gbọ́ ọ. Ní Ítálì, LIA tí ẹgbẹ́ àwọn ilé ìtẹ̀wé ibẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2011 pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú ilẹ̀ náà mọ èyí: ẹ̀rọ á yẹ ìwé wò, àwọn tó mọṣẹ́ á tún fojú ara wọn wò ó. Ẹ̀rọ ló ń gba ẹrù lórí èèyàn, kí èèyàn má bàa máa lo ọ̀sán rẹ̀ lórí mimetype.

## Lọ́dọ̀ tiwa

Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu Àdéhùn Marrakesh, àdéhùn àgbáyé lórí ṣíṣe ẹ̀dà ìwé fáwọn afọ́jú, lọ́dún 2017, òfin àṣẹ-lórí-ìwé ti 2022 sì ní abala kan tó gbà kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìwé fáwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ kí ni àjọ tó bá fẹ́ lo àyè yẹn máa ń rí gbà lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé? Ìwé títẹ̀ ni, tàbí PDF. Wọ́n á gé ẹ̀yìn ìwé, wọ́n á fi skánà yà á, OCR, ètò tó ń sọ àwòrán ìwé di lẹ́tà, á kà á, àmì orí àti abẹ́ lẹ́tà á dà nù lójú ọ̀nà, ẹnì kan á jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, á máa fi àmì padà sórí "oko" kan sí òmíràn, á máa ronú bóyá oko àgbẹ̀ ni tàbí ọkọ ìyàwó. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n á wá ṣí Ace. Níbẹ̀, irinṣẹ́ àyẹ̀wò ti di olùjẹ́rìí lásán. Ẹni tó ní fáìlì àkọ́kọ́, tó lè tún gbogbo ẹ̀ ṣe láàárín wákàtí kan, kò gbọ́ ohunkóhun nínú ẹ̀.

Èyí ló mú kí n máa rò pé, tí a bá fẹ́ kó irinṣẹ́ wọ̀nyí wá sílé, ọ̀dọ̀ àjọ kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to ìwé ló yẹ. Owó kọ́ ni ìdènà, torí ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Èdè wà lára ẹ̀: EPUBCheck ń fi Jámánì, Faransé, Japaníìsì àti èdè mélòó kan sọ̀rọ̀, Yorùbá ò sí níbẹ̀, ẹni tó sì rí "RSC-005: Error while parsing file" lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jáde, á kàn pa á dé ni. Mo ti ń kọ àlàyé àwọn tó wọ́pọ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá fáwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní gbólóhùn kan sí méjì, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bọ́tìnì tí wọ́n máa tẹ̀.

Ọjà náà sì ń ti àwọn kan síwájú. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni òfin Yúróòpù lórí bí aláàbọ̀ ara ṣe máa ráyè lo nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ìwé orí ẹ̀rọ sì wà lára ohun tó kàn. Ilé ìtẹ̀wé tó bá fẹ́ tà níbẹ̀ ti ń gbọ́ orúkọ Ace lẹ́nu oníbàárà tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ rí. Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún ń bí mi nínú díẹ̀, pé torí ará Brussels la ṣe máa ṣe ohun tí ọmọ ilé-ìwé tó wà ní Ìbàdàn ti ń béèrè fún látọjọ́ yìí.

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni etí Ẹ̀gbọ́n. Irinṣẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, àkókò ẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé owó tí mo fi ń ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà, ní ìlà tiẹ̀ lọ́tọ̀: "Àyẹ̀wò láti ọwọ́ òǹkàwé afọ́jú." Àwọn kan ń san án láìjanpata. Àwọn kan á pè mí, wọ́n á ní ṣebí ẹ̀rọ ti ní kò sí àṣìṣe, kí lowó yìí wà fún. Màá wá fi ìwé àlọ́ yẹn ránṣẹ́ sí wọn, bó ṣe rí gan-an kí a tó tún un ṣe, màá ní kí wọ́n ní kí fóònù wọn kà á sókè kí a tó jọ sọ̀rọ̀ owó.